Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Àwòrán Yíyà Kọ́ Ẹ̀kọ́ Ewéko àti Ìwádìí Àyíká: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìbéèrè kan náà ni àwọn olùkọ́ ń bi mí, yálà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìpẹru tàbí ní Ṣágámù. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ ewéko tó hù sẹ́yìn kíláàsì. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ń wá ohun gidi tí wọn yóò máa yà, nítorí ìkòkò àti ìgò orí tábìlì ti sú wọn. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wà, síbẹ̀ wọn kò mọ bí iṣẹ́ wọn ṣe lè wọnú ara wọn. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí kí n má baà máa tún un sọ lẹ́nu mọ́. Ọ̀sẹ̀ 6 ni mo pín in sí, ó sì ṣeé ṣe fún kíláàsì tí kò ní ju pẹ́ńsùlù, rúlà àti ìwé lọ.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ohun kan. Ẹ̀rí ni àwòrán jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, gẹ́gẹ́ bí iye tí a kà àti gígùn tí a wọ̀n ṣe jẹ́ ẹ̀rí. Àwòrán tí kò bá ní ìwọ̀n, ọjọ́, ibi àti nọ́ńbà lára, bó ti wù kó fani mọ́ra tó, onímọ̀ ewéko kò lè fi ṣe nǹkan kan. Lọ́dún kan, mo gba àwòrán ewé tó lé ní 40 lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Gbogbo rẹ̀ ló dára, mo sì fi ìdùnnú kó wọn lọ fún ẹni tó mọ ewéko dunjú. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé báwo ni ewé kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. N kò rí èsì fọ̀. A kò wọn ẹyọ kan. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 4 ló ṣòfò bẹ́ẹ̀.

## Ohun tí ẹ ó nílò

- Ìwé funfun tí kò ní ìlà, tó nípọn díẹ̀, àti ìwé gíráàfù.
- Pẹ́ńsùlù HB kan àti 2B kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, rọ́bà tí a fi ń pa àṣìṣe rẹ́, àti rúlà.
- Èèkàn 4 àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó tó mítà 30.
- Ìwé ìròyìn àtijọ́, páálí, pátákó pẹlẹbẹ 2 àti búlọ́ọ̀kù tí a óò fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
- Lẹ́ǹsì àfọwọ́mú tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Bí kò bá sí, ẹ fi fóònù ya fọ́tò náà láti ibi tó sún mọ́ ọn dáadáa, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù.
- Abẹ kan tó mú, tí yóò wà lọ́wọ́ olùkọ́ nìkan.
- Ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan ṣoṣo fún gbogbo kíláàsì. Ẹ má ṣe ní méjì. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ ní ìgbésẹ̀ 6.

## Kí ẹ tó wọ igbó

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kò sí igbó tí kò ní baba. Ẹ lọ rí olóko, ẹ lọ rí baálẹ̀, kí ẹ sì sọ ní kedere pé ewé mélòó kan ni ẹ fẹ́ já, pé ẹ kò wá wá egbòogi tàbí wọn ilẹ̀. Ẹ béèrè bóyá igbó náà jẹ́ ti orò tàbí ti Agẹmọ. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá ibòmíràn, ẹ má ṣe bá wọn jiyàn nítorí ẹ̀kọ́. Bákan náà, obìnrin kì í rí Agẹmọ, nítorí náà nígbà ọdún rẹ̀, kí olùkọ́ tó ní akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin fi ọjọ́ ìjáde rẹ̀ sí ìgbà tí àwọn àgbà bá ní kò léwu. Bí ẹ bá fẹ́ dé Igbó Ọmọ ní ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, èyí tí UNESCO kà mọ́ àwọn igbó tó ń dáàbò bò láti ọdún 1977, ìwé àṣẹ àwọn aláṣẹ igbó ìjọba ni ẹ ó kọ́kọ́ gbà.

Ẹ ka ìkìlọ̀ wọ̀nyí sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí kí ẹsẹ̀ wọn tó kúrò nínú ọgbà:

- Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan èso wèrèpè tàbí ewé èsìsì. Bí ẹ̀yin olùkọ́ kò bá dá wọn mọ̀, ẹ mú àgbẹ̀ kan dání.
- Ewé tó bá ń sun omi funfun, kí ọwọ́ tó kàn án má ṣe kan ojú.
- A kì í tọ́ ewé wò.
- Bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn ni kí gbogbo wọn wọ̀.
- Bí irú ewéko kan kò bá pé 20 níbi tí ẹ wà, ẹ yà á, ẹ má ṣe já a.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan ibi kan àti ìbéèrè kan

Ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. «Àwọn ewéko Ìjẹ̀bú» kì í ṣe ìbéèrè, ẹrù tí kò ṣeé gbé ni. Ẹ bi ohun tí ojú lè rí tí rúlà sì lè wọ̀n: ewéko wo ló bo ilẹ̀ jù níbi tí oòrùn ń pa, èwo ló sì bò ó jù lábẹ́ ìbòòji? Ṣé ewé obì tó wà nínú ìbòòji fẹ̀ ju èyí tó wà ní góńgó igi lọ? Ìwọ̀n ewé mélòó ni kòkòrò ti jẹ lára ẹ̀fọ́ ọgbà wa?

Ẹ̀yìn kíláàsì ti tó fún ìbéèrè púpọ̀. Àwọn tó súnmọ́ odò Yemọji lè fi etí odò wé orí òkè. Àwọn tó súnmọ́ Erédò Sùngbọ́, yàrà àti odi ilẹ̀ ìgbàanì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 160 yíká ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ: ara ògiri yàrà náà tutù, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, ewéko bí ọmu sì ń hù níbẹ̀ ju bó ti ń hù lókè lọ. Láàárín mítà díẹ̀, àyíká yí padà lójú ẹni. Ṣùgbọ́n ògiri náà ń yọ̀, nítorí náà láti ìsàlẹ̀ tàbí láti òkè ni kí ẹ ti máa yà, kí ẹ má ṣe gùn ún, kí ẹ má sì ṣe gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ rárá. Ogún àwọn baba wa ni.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi obì la ojú wọn

Ọjọ́ àkọ́kọ́, inú kíláàsì ni kí ẹ wà. Ẹ ra gbànja, obì àbàtà àti orógbó lọ́jà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ fo ìgbésẹ̀ yìí kí wọ́n lè tètè jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fò ó, nítorí òun ló ń kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó mọ̀ àti ohun tó rí.

1. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ya obì láti inú orí rẹ̀, láìsí obì níwájú rẹ̀, fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ gba ìwé náà, ẹ tọ́jú rẹ̀.
2. Ẹ wá pín obì fún wọn, ẹyọ kan fún ọmọ méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn wò ó fún ìṣẹ́jú 3 láìfọwọ́ kan pẹ́ńsùlù.
3. Kí wọ́n wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, kí wọ́n sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe tóbi gan-an.
4. Kí wọ́n pa obì náà. Kí wọ́n ka awẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ya awẹ́ kan láti inú, kí wọ́n sì kọ iye awẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán.
5. Ẹ dá ìwé àkọ́kọ́ padà, kí wọ́n fi wé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà.

Gbànja, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ewéko jẹ́ Cola nitida, yóò pín sí awẹ́ 2. Obì àbàtà, Cola acuminata, yóò pín sí 3, 4, 5, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orógbó, Garcinia kola, kò láwẹ́ rárá. Ọmọ Rẹ́mọ ti mọ èyí láti ilé, pàápàá ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta gbànja, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti sọ fún un rí pé awẹ́ obì yẹn gan-an ni ìwé bàọ́lọ́jì rẹ̀ ń pè ní kọtilídọ̀nù, ibi tí èso ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ sí fún ọ̀gbìn kékeré tó fẹ́ hù. Ibí yìí ni olùkọ́ bàọ́lọ́jì yóò ti gba ọ̀rọ̀ sọ: ìwé pín ewéko olódòdó sí aláwẹ́ kan àti aláwẹ́ méjì, níbo wá ni ti àbàtà olójú mẹ́rin? Ẹ má ṣe dá wọn lóhùn kíá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ewé rẹ̀, bí iṣan rẹ̀ ṣe rí bí àwọ̀n tí kò sì ṣe gbọnrangandan bíi ti àgbàdo, kí wọ́n fúnra wọn sọ pé ọ̀dọ̀ aláwẹ́ méjì ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye awẹ́ rẹ̀ lé.

Àṣìṣe kan kì í yẹ̀ níbí: ọmọ kan yóò ya awẹ́ 4 fún obì tó pín sí 5, nítorí olójú mẹ́rin ni wọ́n máa ń wá nílé bí wọ́n bá fẹ́ bọ nǹkan. Ẹ sọ fún un pé obì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó kà.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ya àwòrán ilẹ̀

Ẹ kan èèkàn 4 mọ́lẹ̀ kí igun kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mítà 1. Ẹ fa okùn yí i ká, kí ẹ sì tún ta okùn kọjá nínú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ara wọn, níbùú àti lóòró, títí yóò fi di ojú 100. Kí àwọn ọmọ ya ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí ìwé gíráàfù, kí sẹ̀ǹtímítà 1 lórí ìwé dúró fún 10 lórí ilẹ̀. Irú ewéko kọ̀ọ̀kan yóò ní àwọ̀ tàbí àmì tirẹ̀. Ilẹ̀ lásán náà yóò ní tirẹ̀.

Ẹ ka ojú tí ewéko kọ̀ọ̀kan gba ju ìdajì rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ 37, a jẹ́ pé ìdá 37 nínú 100 ilẹ̀ náà ló bò. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, àwòrán náà sì ti di ìṣirò láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀rù ìṣirò.

Ẹ ṣe irú ojú ilẹ̀ yìí ó kéré tán 3 nínú oòrùn àti 3 nínú ìbòòji. Kí ẹni tó ń yan ibẹ̀ kọ ẹ̀yìn síbẹ̀ kó sì ju òkúta kékeré sẹ́yìn lẹ́yìn tó bá ti rí i pé kò sí ènìyàn lẹ́yìn òun. Ibi tó bá balẹ̀ sí ni kí ẹ lò. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mò ń bá wí jù lórí èyí, nítorí ojú rẹ̀ ti mọ́ra láti wá ibi tó lẹ́wà, ibi tó lẹ́wà kì í sì í sọ òtítọ́ nípa gbogbo igbó.

Ewéko tí ẹ ó bá pàdé jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bí kò bá jẹ́ koríko, ni Chromolaena odorata, èyí tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Mo ń gbé níbi tí kò jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́, n kò sì ní dá sí ìjà orúkọ yẹn.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ya ewéko kan dáadáa

Ọ̀sẹ̀ 2 ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún èyí. Ẹ tẹ̀lé e bó ṣe tò yìí, kí ẹ má ṣe yí i padà:

1. Ẹ wo ewéko náà fún ìṣẹ́jú 5. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa sọ ohun tó rí, kí èkejì máa kọ ọ́ sílẹ̀.
2. Ẹ wọn gíga rẹ̀, gígùn àti ìbú ewé 5, àti bí òdòdó rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.
3. Ẹ fa ìlà ìwọ̀n sí ìsàlẹ̀ ìwé kí ẹ tó fa ìlà mìíràn kankan.
4. Ẹ ya ọ̀pá àti ẹ̀ka ní fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi àmì sí ibi tí ewé kọ̀ọ̀kan ti yọ.
5. Ẹ ya ewé kan ní kíkún láti iwájú àti òmíràn láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú iṣan rẹ̀ àti etí rẹ̀.
6. Ẹ la òdòdó kan, ẹ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ǹsì, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀, ẹ yà á ní títóbi.
7. Ìgbẹ̀yìn ni òjìji. Bí àkókò kò bá tó, ẹ fi òjìji sílẹ̀.

Àlàyé díẹ̀ lórí ìlà ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kọ «ìlọ́po 2» sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Bí ẹ bá ya fọ́tò àwòrán náà tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tàbí tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí páálí ńlá, ìlọ́po 2 yẹn ti di irọ́. Ṣùgbọ́n ìlà kékeré tí ẹ kọ «sẹ̀ǹtímítà 1» sí, bí àwòrán bá fẹ̀, yóò bá a fẹ̀. Bó bá kéré, yóò bá a kéré.

Ibi tí a ti ń ṣi iye ewé kà ni ó yẹ kí n dúró lé lórí. Ọmọ yóò rí ẹ̀ka ìyeyè tàbí akòko, yóò ní ewé 9 ló wà lára rẹ̀. Ewé kan ṣoṣo ni, tó pín sí ọmọ ewé 9. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé a óò wo ibi tí igi ewé ti pàdé ẹ̀ka: ibẹ̀ ni ìrudi kékeré máa ń wà. Níbi tí ìrudi bá wà, ibẹ̀ ni ewé kan ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí ọmọ ewé kì í ní ìrudi. Ẹ fi ewé ẹ̀gẹ́ àti ewé àràbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ lè rí ìyàtọ̀ mìíràn: àwọn méjèèjì ṣe bí àtẹ́lẹwọ́ tó la ìka, ṣùgbọ́n ewé kan tí etí rẹ̀ gé wọlé gan-an ni ti ẹ̀gẹ́, kò pín tán, ti àràbà pín tán, ọmọ ewé kọ̀ọ̀kan sì lè dá já bọ́. Mo ti rí àwòrán tó lẹ́wà tí kò sí ẹni tó lè sọ èwo nínú méjèèjì ló jẹ́, nítorí pé ẹni tó yà á fi òjìji bo àárín gbùngbùn ibi tí ìdáhùn wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣọ́ bí ewé ṣe tò. Lára Chromolaena, ewé méjì ń kojú ara wọn ní oríkèé kan náà. Lára Tithonia diversifolia olódòdó yẹ́lò tó kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọmọ tó bá ya èyí bó ti rí kò ní fi ọ̀kan pe èkejì láé, kódà nígbà tí kò sí òdòdó.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mú àwọ̀ kó tó ṣá

Òdòdó mìíràn kì í pé wákàtí kan tí àwọ̀ rẹ̀ á ti yí padà, èyí tí a bá sì tẹ̀ gbẹ yóò di àwọ̀ ilẹ̀ nígbẹ̀yìn. Nítorí náà, iṣẹ́ ayàwòrán ni láti tọ́jú ohun tí ewé gbígbẹ kò lè tọ́jú. Ẹ po ọ̀dà lójú ẹsẹ̀, ẹ kùn ún sí ojú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, ẹ gbé ewé náà lé e, ẹ wò bóyá ó dọ́gba.

Ẹ kùn ún kí ẹ sì tún kọ ọ́. Èdè wa ní «ewé dúdú minimini» nígbà tí ewé bá tutù yọ̀yọ̀, ẹni tí kò gbọ́ èdè náà dáadáa yóò sì rò pé èédú ni. Pupa náà pọ̀: ṣé pupa epo ni, pupa osùn ni, tàbí pupa ẹ̀jẹ̀? Ẹ gba àwọn ọmọ láyè láti fi nǹkan ilé júwe rẹ̀, bí ojú ọ̀dà tí wọ́n kùn bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

Bí kò bá sí ọ̀dà, ata ilẹ̀ pupa tí a pò mọ́ omi díẹ̀ ń ṣe yẹ́lò, osùn ń ṣe pupa, elú ń ṣe àwọ̀ aró, èédú ń ṣe dúdú. Ẹ fi wọ́n sọ bí àwọ̀ ṣe sún mọ́ ara wọn nìkan, nítorí púpọ̀ nínú wọn á ṣá tó bá yá.

## Ìgbésẹ̀ 6: Nọ́ńbà kan fún ohun mẹ́ta

Ewéko kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà yẹn ni yóò wà lára àwòrán, lára ewé gbígbẹ àti lára fọ́tò. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ni a ti ń fún un. Bí ìwé bá di méjì, ewéko méjì yóò jẹ́ nọ́ńbà 14 kí oṣù tó parí.

Ohun tí ẹ ó kọ sí iwájú nọ́ńbà:

- ọjọ́ àti ìlú, pẹ̀lú ibi tó wà gan-an («lẹ́yìn kíláàsì JSS 2, abẹ́ igi máńgòrò»);
- oòrùn tàbí ìbòòji, ilẹ̀ gbígbẹ tàbí ilẹ̀ tútù;
- gíga ewéko náà àti àwọ̀ òdòdó rẹ̀;
- orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, pẹ̀lú ibi tí ẹni tó sọ ọ́ ti wá;
- ẹni tó já a àti ẹni tó yà á.

Ẹ tẹ́ ewéko náà sáàárín ìwé ìròyìn, ewé kan kí ó kọjú sókè, òmíràn kí ó kọ ẹ̀yìn sókè. Ẹ fi páálí sáàárín ọ̀kan àti èkejì, ẹ fi pátákó dé e, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Ẹ pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 4 àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú nígbà òjò, ọ̀lẹ tó bá fo ọjọ́ kan ni yóò bá èébu lára ewé rẹ̀. Ọjọ́ 7 sí 10 ló sábà máa ń gbà kó tó gbẹ. Èso tó nípọn bíi ti obì, ẹ là á sí méjì tàbí kí ẹ sá a lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe yan án lórí iná.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wá orúkọ rẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá elégbòogi lọ́jà àti àwọn àgbẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ènìyàn méjì ó kéré tán, nítorí orúkọ kan lè jẹ́ ti ewéko méjì, ewéko kan sì lè jẹ́ orúkọ mẹ́ta láàárín Ìlíṣàn àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Fóònù tó ń fi fọ́tò sọ orúkọ ewé wúlò, ṣùgbọ́n ẹ kà á sí ẹni tó dábàá, kì í ṣe ẹni tó dájọ́. Fún orúkọ tó dájú, ẹ kó ewé gbígbẹ àti àwòrán lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ewéko ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, tàbí sí ilé ìpamọ́ ewéko igbó tó wà ní iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn, tí a mọ̀ sí FHI. Ẹ mú òdòdó tàbí èso dání. Ewé nìkan máa ń sú wọn.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ yọ iye jáde nínú àwòrán

Ẹ gbé ewé tútù lé ìwé gíráàfù, ẹ fi pẹ́ńsùlù tẹ̀lé etí rẹ̀. Ẹ ka ojú sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tó kún. Èyí tó bá kún ju ìdajì, ẹ kà á sí 1. Èyí tí kò tó ìdajì, ẹ fò ó. Iye tí ẹ rí ni fífẹ̀ ewé náà. Ibi tí kòkòrò ti jẹ, ẹ ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì pín in pẹ̀lú fífẹ̀ gbogbo ewé náà.

Ẹ ṣe ewé 10 láti inú oòrùn àti 10 láti inú ìbòòji lára igi kan náà. Ewé inú ìbòòji sábà máa ń fẹ̀, ó sì máa ń fẹ́lẹ́, nítorí pé ó ń wá ìmọ́lẹ̀. Ti inú oòrùn máa ń kéré tó sì nípọn. Bí tiyín kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Ẹ má ṣe tún àwòrán yà kó lè bá ìwé mu.

## Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ padà síbẹ̀

Ẹ yan igi kan, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ẹ̀ka kan lára rẹ̀, kí ẹ sì máa ya ẹ̀ka yẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí dé ọyẹ́. Ẹ ó rí ìgbà tó rúwé, ìgbà tó tanná, ìgbà tó wọ́wé, àti bóyá ìsinmi òjò inú Oṣù Kẹjọ mú ìyípadà wá. Èyí nìkan ni kò parí nínú ọ̀sẹ̀ 6.

## Bí ẹ ó ṣe fún wọn ní máàkì

Ẹ má ṣe fi ẹwà dá wọn lẹ́jọ́. Nínú 20, mo máa ń fún iye tó tọ̀nà (ewé, ọmọ ewé, ẹ̀yà òdòdó) ní 8, ìwọ̀n àti ìlà ìwọ̀n ní 5, àkọsílẹ̀ ní 4, ìmọ́tótó ìlà ní 3. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan bá mi jà lórí 3 yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, ó rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n ti máa ń sọ pé àwọn kò mọ àwòrán yà ló ń gba máàkì jù, ìlà wọn náà sì ti ń dára sí i.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Òdòdó ẹ̀yìn ìwé. Ọmọ á ya òdòdó olójú márùn-ún tó ti mọ̀ láti kékeré nígbà tí ewúro wà níwájú rẹ̀. Ẹ dá a padà sí ìgbésẹ̀ 2.
- Ewé tí kò lábààwọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ya bí irú ewéko náà ṣe máa ń rí, ẹ lè fi ihò kòkòrò sílẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe àkọsílẹ̀ àyíká, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé èwo lẹ ń ṣe.
- Yíyà láti inú fọ́tò. Fọ́tò kì í fi ìrudi hàn, kì í sì í ní ẹ̀yìn.
- Kíkọ ọjọ́ nígbà tó bá di ilé. Kò sí ẹni tó ń rántí.

## Bí ohun èlò tàbí àkókò kò bá tó

Fún àwọn ọmọ kékeré, ẹ gbé ewé sábẹ́ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹ sì fi kíréyọ̀nù ra orí ìwé náà. Iṣan rẹ̀ yóò yọ kedere.

Bí ẹ bá ní máíkírósíkóòpù, ẹ kun ọ̀dà èékánná tí kò ní àwọ̀ sí ẹ̀yìn ewé, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ fi sẹ́lótéèpù ṣí i kúrò, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí. Ihò tí ewé fi ń mí yóò hàn, a ó sì lè yà á ká kà á. Ewé onírun kò dára fún èyí.

Ẹ lè fi oòrùn tẹ àwòrán pẹ̀lú. Ẹ rẹ ata ilẹ̀ pupa lílọ̀ sínú sípíríìtì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi kun ìwé, ẹ sá a sínú òkùnkùn kó gbẹ. Ẹ wá gbé ewé lé e, ẹ fi dígí tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e sínú oòrùn títí ibi tí ewé kò bò yóò fi ṣá. Ẹ gbé sípíríìtì jìnnà sí iná. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó sì ń kọ́ wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ba àwọ̀ ewéko jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kà á mọ́ ẹ̀rí, nítorí oòrùn kan náà tó yà á ni yóò pa á rẹ́ bí ẹ bá gbé e kọ́ ògiri.

## Ìpàtẹ àti ìpamọ́

Nígbà ìpàtẹ, ẹ gbé àwòrán, ewé gbígbẹ àti iye tí ẹ rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ nọ́ńbà wọn, kí ẹ sì pe olóko tó fún yín láyè wá wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ kó àwọn àwòrán sínú fáìlì pẹlẹbẹ, ewé gbígbẹ sínú àpótí tó dé dáadáa pẹ̀lú káńfọ̀, kí ìwé àkọsílẹ̀ wà pẹ̀lú wọn. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé àkọsílẹ̀ náà kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ olùkọ́ bàọ́lọ́jì, kí èkejì wà lọ́wọ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà.